Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínsànyà Ṣe Fòfin De Búlúù

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ọ̀gá tó máa ń gbọ́rọ̀ sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, ẹ tètè wá ìwé mìíràn kà, nítorí kò sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ nínú èyí. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láwálé Akínsànyà ni mo fẹ́ sọ, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, Olùdarí Àgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó kan tó wà lẹ́yìn Àrákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Bí ọkùnrin yìí bá sín, ènìyàn mẹ́rin ló ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ẹnì karùn-ún á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n sín.

Adébùsóyè ni orúkọ ẹnì karùn-ún yẹn. Òun ni akọ̀wé ètò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa sọ, kí ó ka gbogbo oyè ọ̀gá kí ọ̀gá tó dìde, kí ó sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ kí àwọn yòókù má baà gbàgbé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé ó ti wà lójú kan náà fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì ti fi ìgbéga hàn án lọ́ọ̀ọ́kán lọ́dún náà. Ọmọ Ilu-Abo ni. Ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣe oko kòkó, ó sì ń yan gàrí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyá yìí sọ́kàn bí a ṣe ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣeré lọ, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà máa dùn jù.

Ìwádìí kan ló gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n gun òkè. Wọ́n mú kòkó tí wọ́n ti bò sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sá a sórí ẹní, wọ́n wá ń tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bó ṣe ń gbẹ. Kọ̀ǹpútà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ya àwòrán méjì. Àwòrán kìíní ń sọ bóyá nǹkan méjì jọ ń rìn sọ́nà kan náà. Bí méjèèjì bá jọ ń pọ̀ sí i, tàbí tí wọ́n jọ ń dín kù, ojú ibẹ̀ á pọ́n. Bí ọ̀kan bá ń dín kù tí èkejì ń pọ̀ sí i, ojú ibẹ̀ á di búlúù. Àwòrán kejì ló ń sọ èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì.

Òfin kan wà níbẹ̀ ṣá o. Níbi tí àwòrán kìíní bá ti jẹ́ búlúù, ẹ gbọ́dọ̀ yí ìdáhùn àwòrán kejì padà: èyí tó dà bíi pé ó ṣáájú, òun gan-an ló tẹ̀lé. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lágbàáyé ló mọ òfin náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá mọ̀ ọ́n, ó ti fi òfin náà fìyà jẹ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Lọ́jọ́ tó ń kọ ìwé tirẹ̀ ni kò rántí. Omi ń dín kù nínú kòkó, adùn ń pọ̀ sí i, ojú ibẹ̀ sì jẹ́ búlúù bí aró nínú àwòrán kìíní, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n fò ó, ó lọ ka àwòrán kejì ní tààrà, ó sì kọ ọ́ pé adùn ti pé sínú hóró kòkó kí omi tó jáde. Jọ́nà ńlá kan lókè òkun, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí jáde, gbà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ha, ẹ wá wo ayọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Oǹdó, láti lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Wọ́n fi férémù gíláàsì há àwòrán méjèèjì, ènìyàn méjì gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adébùsóyè rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ojú ló ń dun Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí àwòrán náà jọ èyí tí wọ́n fi hàn òun nílé ìwòsàn. Adébùsóyè ní, "Rárá, Màmá. Ìmọ̀ ni." Ìyá náà ní Ọlọ́run á wò ó sàn.

Nígbà tó kan àlejò láti sọ̀rọ̀, Adébùsóyè dìde, ó ka oyè ọ̀gá rẹ̀ títí tí olórin fi jókòó padà. Ọ̀rọ̀ tó fi parí rẹ̀ ni "Ẹni Tí Kòkó Ń Bá Sọ̀rọ̀". Òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ ìyẹn nínú bọ́ọ̀sì. Orí Ọ̀jọ̀gbọ́n wú.

"Ẹ̀yin ará mi," ló wí, "láti ìgbà tí wọ́n ti gbin kòkó àkọ́kọ́ sórí ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa gbìn ín, wọ́n ká a, wọ́n tà á. Ta ni nínú wọn tó bi kòkó léèrè ọ̀rọ̀? Kò sí! Èmi nìkan ni mo bi í. Ó sì dá mi lóhùn, nítorí ó mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀."

Adébùsóyè pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù rántí.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, kì bá tí sí wàhálà. Ìwé tí kò tọ́ lè jókòó sínú jọ́nà fún ogún ọdún kí ó má pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n kò tó Ọ̀jọ̀gbọ́n kí kòkó bá a sọ̀rọ̀, ó fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú gbọ́ràn. Nígbà tí àkókò kíkórè ńlá dé, ó bọ́ sórí rédíò, ó kéde Àṣẹ Ọjọ́ Mẹ́ta. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí adùn ti pé kí omi tó lọ, ẹni tó bá sá kòkó kọjá ọjọ́ mẹ́ta ń fi oòrùn ṣòfò ni. Kí gbogbo àgbẹ̀ Ìjù àti Ilu-Abo ká ẹní wọn lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n rọ kòkó sínú àpò. Ẹni tó bá kọ̀, kò ní rí irúgbìn tuntun gbà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́. Ó wá yan òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ó fún wọn ní fìlà, ó pè wọ́n ní aká-ẹní. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gun alùpùpù káàkiri oko, kí wọ́n máa ká ẹní alágídí.

Adébùsóyè ló ka ìkéde náà lórí rédíò. Ìyá rẹ̀ pe gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ọmọ òun.

Dókítà Moríyọ̀ ló rí àṣìṣe náà. Obìnrin kékeré kan báyìí ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀. Ibi tó ti ń palẹ̀ àwòrán mọ́ fún kàlẹ́ńdà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ pín fún ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti rí búlúù níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti fò ó. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì, Adébùsóyè sì wà níbẹ̀ tó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ fi nǹkan kékeré kan hàn yín nínú ìwé yín. Ojú ibí yìí jẹ́ búlúù, a ò sì yí ìdáhùn padà. Omi ló kọ́kọ́ lọ, sà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni adùn dé. Tí a bá kọ ìlà mẹ́ta péré sí jọ́nà, wọ́n á tẹ àtúnṣe rẹ̀ jáde. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá, àwọn ènìyàn ń ṣe é lójoojúmọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Dókítà Moríyọ̀, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú kan ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀?"

"Wọn ò tíì bí mi, sà."

"Kọ ọ́ sílẹ̀, Adébùsóyè. Wọn ò tíì bí i. Ẹni tí wọn ò tíì bí wá ń tún ìwé mi ṣe."

"Sà, kòkó tí kò bá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó rọ ọ́ sápò, bíbu ló máa bu. Àwọn àgbẹ̀ sì ti ń rọ ọ́."

"Ẹ máa lọ."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kí ó lọ máa ka àga tó wà nínú sítọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n oorun kò kun Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó mọ̀ pé bí obìnrin yẹn bá ti rí i, ẹlòmíràn á rí i. Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó rò ó débi tí ọgbọ́n rẹ̀ mọ. Kí ni ó fa gbogbo wàhálà yìí? Búlúù. Bí kò bá sí búlúù, ṣé ẹnikẹ́ni á ní kí wọ́n yí ìdáhùn padà?

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Mo ti yẹ ìtàn ènìyàn wò," ló wí, "mo sì rí i pé àwọ̀ tó ń fa ìyapa jù láyé ni búlúù. Pupa ń so wá pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa pupa ni. Láti òní lọ, búlúù kò sí mọ́ nínú ilé-iṣẹ́ yìí."

Adébùsóyè pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé ẹ rò pé mo ń purọ́. Wọ́n yọ ọ̀dà búlúù kúrò nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n yí kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ padà kí ó má ya ohun kan àyàfi pupa, pupa tó ràn àti pupa tó ṣú. Wọ́n kun tánkì omi ní pupa, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtimu omi rẹ̀. Aṣọ àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì búlúù ni, wọ́n ní kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta, àwọn ọlọ́dẹ wá ń ṣọ́nà pẹ̀lú àpò aṣọ tó ń jábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí etí ewúrẹ́. Báírò pupa ni gbogbo wọn fi ń kọ̀wé. Nígbà tí Adébùsóyè kọ lẹ́tà sí olùkọ́ ọmọ rẹ̀ pé ibà ń ṣe ọmọ náà, olùkọ́ rí yíǹkì pupa, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú.

Ọkàn Adébùsóyè ò balẹ̀ ṣá. Ó bá Dókítà Moríyọ̀ lẹ́yìn sítọ́ọ̀ níbi tó ti ń ka àga.

"Dókítà, ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ó dá yín lójú?"

"Bọ̀dá Adébùsóyè, ẹ̀yin náà tó dàgbà sórí ẹní kòkó. Ṣé ẹ ti rí kòkó tó gbẹ lọ́jọ́ mẹ́ta rí?"

Kò rí i rí. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń sá kòkó fún ọjọ́ méje, mẹ́jọ, tí á bu ẹ̀kúnwọ́, tí á fún un mọ́ra, tí á fetí sí i bóyá ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ó mọ èyí dájú, ó sì ka Àṣẹ Ọjọ́ Mẹ́ta lórí rédíò pẹ̀lú ohùn tó dára. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fóònù Ilu-Abo.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti sá kòkó?"

"Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn onífìlà yín ti kọjá láàárọ̀, wọ́n ń padà bọ̀ wá ká ẹní."

"Ẹ jẹ́ ó tún gba oòrùn díẹ̀ sí i, Màmá."

"Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta? Ṣebí ìwọ lo ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀gá rẹ ló ní kí o sọ fún mi?"

Ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí ọmọ ti sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀. Adébùsóyè wẹ̀yìn, ó rí i pé ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá ṣí sílẹ̀.

"Rárá o, Màmá. Mo kàn sọ ọ́ ni."

"Tó bá jẹ́ o kàn sọ ọ́ ni, ti rédíò ni n ó tẹ̀lé. Mi ò ní ba uṣẹ́ rẹ jẹ́. Ọlọ́run á gbé ọ ga."

Ìyá rẹ̀ rọ àpò kòkó márùn-ún lọ́jọ́ náà. Òmíràn sì wà lórí igi tí ó máa ká láìpẹ́.

Adébùsóyè fẹ́ gba ìyá rẹ̀ là, kò sì fẹ́ pàdánù ìgbéga. Ìyìn nìkan sì ni ohun èlò tó ní lọ́wọ́, ọdún mọ́kànlá ló ti fi kọ́ ọ. Ó wá ronú pé òun á kúkú fi ìyìn mú ọ̀gá dé ibi tí gbogbo ojú á ti rí àṣìṣe náà. Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ẹni Tí Kòkó Ń Bá Sọ̀rọ̀, nǹkan kan ló ń dun èmi ọmọ yín. Kòkó nìkan ni àwọn ènìyàn mọ̀ pé ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ṣé gàrí ò lè sọ̀rọ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan gàrí níwájú gbogbo ayé. Ẹ̀rọ á wò ó, ẹ̀yin á ka àwòrán rẹ̀. Ẹ ké sí Alhaja, alága ìgbìmọ̀ wa. Ẹ ké sí àwọn àgbẹ̀."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n ràn. "Àti àwọn oníròyìn?"

"Ṣé ó tún yẹ kí ẹ bi mí ni, sà?"

"Adébùsóyè," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "ìwọ nìkan ni orí rẹ pé níbí."

Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí wọ́n tó parí ètò, nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n kun agbada gàrí ní pupa pẹ̀lú. Lọ́jọ́ náà, àgọ́ kún. Alhaja Sherifat jókòó níwájú, ìyá tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, tó ṣì ń wo gbogbo àgbàlagbà bí ẹni tó pẹ́ dé sí ìpéjọ. Mọ́tò ilé-iṣẹ́ ló lọ gbé ẹni tó máa yan gàrí wá láti Ilu-Abo. Ìyá Adébùsóyè ni. Òun ló mọ̀ ọ́n yan jù lágbègbè náà. Dókítà Moríyọ̀ ni wọ́n sì mú jáde láti sítọ́ọ̀, nítorí nínú gbogbo àwọn tó ń yin Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ.

Ìyá da ẹ̀gẹ́ tútù sí agbada, ó fi àkúfọ́ igbá rò ó. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan, Moríyọ̀ á bu ṣíbí kan, á gbé e sábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ẹ̀gẹ́ funfun, omi ṣì wà lára rẹ̀, ooru omi ń rú. Ooru dín kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣàkàṣàkà. Ooru tán pátápátá. Ìyá ní bí wọ́n bá fẹ́ kí ó pọ́n, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nídìí iná díẹ̀ sí i. Ẹ̀yìn náà ni gàrí wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta á mọ èyí tó ṣáájú.

Kọ̀ǹpútà ya àwòrán méjì sórí aṣọ funfun ńlá. Gbogbo rẹ̀ pupa. Adébùsóyè dìde, ó ka oyè. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ síwájú, ó na ọ̀pá.

"Ẹ̀yin ènìyàn iyì, àwòrán kìíní wà ní ìṣọ̀kan, ẹ kò rí ìyapa kankan níbẹ̀. Mo wá bọ́ sí àwòrán kejì, mo bi gàrí léèrè: ìwọ gàrí, èwo lo kọ́kọ́ ṣe? Gàrí dá mi lóhùn pé," ó gbé ohùn sókè, "òun kọ́kọ́ pọ́n, ẹ̀yìn náà ni òun gbẹ!"

Ọwọ́ Adébùsóyè ti gbéra láti pàtẹ́wọ́, ó dá a dúró.

"Kí ló wí?" ni ìyá béèrè nídìí iná.

"Ó ní gàrí pọ́n kó tó gbẹ," ẹnì kan dá a lóhùn.

Ìyá wo inú agbada, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Èwo nínú gàrí náà, sà? Èyí tí mò ń yàn yìí?"

Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn àgbẹ̀ Ìjù rẹ́rìn-ín títí àga kan fi ya. Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́.

"Ẹ má jẹ́ kí ojú lásán tàn yín jẹ! Ojú ènìyàn ò kàwé! Èmi ni mo kàwé!"

Alhaja Sherifat kò rẹ́rìn-ín. Ó yí sí Moríyọ̀.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí gbogbo àwòrán yìí fi pupa? Mo mọ aṣọ tí wọ́n pa láró dáadáa. Nǹkan kan wà tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀."

"Búlúù ni, Màmá."

"Dá a padà."

Moríyọ̀ tẹ bọ́tìnnì kan. Búlúù ṣàn wọ inú àwòrán kìíní, ó gba àárín rẹ̀ kan.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Alhaja wí, "bí ojú ibẹ̀ bá jẹ́ búlúù, kí ni òfin sọ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àjà àgọ́. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, ó ní àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí rẹ̀. Alhaja tún bi í.

"A máa ń yí ìdáhùn padà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ìyẹn ni pé gàrí gbẹ kó tó pọ́n. Ó dára. Àwòrán ti kòkó tí ẹ kọ sí jọ́nà ńkọ́? Kí ni àwọ̀ ojú ibẹ̀?"

Moríyọ̀ ló dáhùn fún un: "Búlúù ni, Màmá."

Ẹ̀rín dá. Ìyá Adébùsóyè ti dìde nídìí iná. Ó rìn wá títí ó fi dé iwájú ọmọ rẹ̀, àkúfọ́ igbá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bùsóyè. Àpò márùn-ún tí mo rọ, ṣé ìyẹn ni pé omi ṣì wà nínú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ó lè purọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó, àwọn oníròyìn ń wò ó. Ojú tì í débi pé ó wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo fóònù yín."

Ìyá gbé àkúfọ́ igbá sílẹ̀ lórí tábìlì Alhaja, ó sì ní kí dírẹ́bà gbé òun lọ sí ulé. Gàrí jóná sínú agbada pupa.

Kí n má fa ìtàn gùn. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àga Olùdarí Àgbà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n fòpin sí Àṣẹ Ọjọ́ Mẹ́ta lórí rédíò lọ́jọ́ náà gan-an, kòkó tó kù nínú ewé àti lórí igi sì bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Wọ́n ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ àtúnṣe sí jọ́nà. Èyí tó kọ́kọ́ kọ jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìnlá, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Oǹdó, ó sì di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, ojú ọjọ́, àti ẹni tó ṣe búlúù. Àwọn olóòtú jọ́nà dá a padà. Wọ́n ní ìlà mẹ́ta làwọn fẹ́. Moríyọ̀ ló kọ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í ka jọ́nà. Alhaja ní ibi gbogbo tí àṣẹ ti dé ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ dé, kí ẹni tó pa àṣẹ náà fi ẹnu ara rẹ̀ tú u, kí akọ̀wé rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n lọ sí Ìjù. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nígbà tó parí, àwọn ènìyàn rò pé ó ń díje fún ipò ni, wọ́n sì ṣèlérí ìbò fún un.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé Ilu-Abo. Ìyá ti tú àpò márààrún sórí ẹní. Èébu funfun ti bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba àyíká. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣà á sínú àtẹ méjì, èyí tó bu sí ọ̀tọ̀, èyí tó ṣeé gbà là sí ọ̀tọ̀. Àwọn aládùúgbò péjọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró, ó ń retí kí wọ́n ka oyè rẹ̀.

Adébùsóyè bọ́ síwájú. Lóòótọ́, oyè náà ti dé ètè rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ló wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínsànyà rèé. Wọ́n ka àwòrán wọn sódì. Èmi mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí kòkó yín gbẹ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

Ó jókòó. Gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ fi wákàtí kan sọ ni ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti sọ tán.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀," ni ìyá wí, kò gbójú sókè. "Àpótí wà lẹ́yìn ulé. Ẹ gbé e wá, kí ẹ̀yin méjèèjì bá mi ṣà á kí oòrùn tó wọ̀."

Kò sí ẹni tó bá Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún. Ó wo mọ́tò. Dírẹ́bà ti lọ jẹun. Ó fa agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkó, ó sì ń ṣà á pẹ̀lú ìgboyà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá na ọwọ́ sínú àtẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó mú hóró kan.

"Ẹ ṣi eléyìí ṣà, sà. Ó ti bu."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba hóró náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Òótọ́ ni, Màmá," ló wí, ó sì gbé e sínú àtẹ kejì.